Ta ló ní àjálù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Ìdáhùn fún olùkọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà ìbúgbàù Bódìjà ní Ìbàdàn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń sọ pé ayé àtijọ́ kò mọ irú èyí, pé ayé ti bàjẹ́ ni. Bàbá mi gbọ́, wọ́n ní irọ́ ni, pé ojú àwọn ni omíyalé Ògùnpa ṣe, etí àwọn ni ti ọkọ̀ ojú irin Lálùpọn. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé lóòótọ́ ni àjálù ń pọ̀ sí i ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́? Kí ló sì kan Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé Ìbàdàn ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí? Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ náà ṣe ìwádìí ti ìlú tiwa, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí wọn yóò ti mú un."

Olùkọ́ wa, mo kí yín, ẹ bá mi kí Bàbá. Bàbá ló jàre. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì na àwọn ọmọ yẹn, nítorí wọ́n rí nǹkan kan tí wọn kò tíì mọ bí wọn yóò ṣe sọ ọ́. Àjálù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ lágbègbè wa. Ohun tó yí padà ni pé ti àtijọ́ sábà máa ń rán kékeré ṣáájú kí ńlá tó dé. Àwọn kan nínú ti ìsinsìnyí kì í rán ẹnikẹ́ni. Inú ilé aládùúgbò ni wọ́n ń sá pamọ́ sí títí di ọjọ́ tí wọ́n bá dún.

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní irú ìbéèrè yìí, Ọ̀yọ́-Ilé ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ìtàn tí àwọn àgbà Ọ̀yọ́ ń sọ nípa Aláàfin Ṣàǹgó: ó ní oògùn tí ó fi ń pe àrá, ó gun òkè Àjàká tí ààfin wà ní ìdí rẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn náà ṣì ń jẹ́. Oògùn jẹ́. Orí ààfin òun fúnra rẹ̀ ni àrá sán sí, ìyàwó àti ọmọ sì bá a lọ. Kò sẹ́ni tó lè kọ ọdún sí ìtàn yẹn, èmi náà kò ní gbìyànjú rẹ̀. (Kí àwọn oníṣàǹgó má bínú sí mi, Ọba kò so.) Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: agbára tó lè wó ilé, ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú pé òun mọ̀ ọ́n lò, àti ibùgbé ènìyàn tó sún mọ́ ibi ìdánwò jù. Bí wọ́n bá ní kí n ṣàlàyé Bódìjà ní gbólóhùn kan, n kò ní sọ ohun tó jìnnà sí èyí.

Láyé àwọn baba wa, iná ni olórí àjálù ìlú. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé, àti ààfin pàápàá. Ìdí tí ọdún Bẹẹrẹ fi wà ní Ọ̀yọ́ nìyẹn, tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń ru koríko wá fún òrùlé ọba. Agbo ilé kan fara ti èkejì. Bí iná bá ta sí òrùlé kan lójú ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ni yóò yan ibi tí yóò dé. Bó bá jẹ́ àrá ló dá a sílẹ̀, àwọn mọ́gbà, àwọn àwòrò Ṣàǹgó, yóò tún dé, onílé tó ti pàdánù ilé yóò san owó ètùtù lé e. Páànù ló gbà wá lọ́wọ́ irú iná bẹ́ẹ̀. Òfin kọ́, ìwàásù kọ́. Àwọn ènìyàn kàn rí i pé páànù pẹ́ ju koríko lọ, wọ́n sì ń yí i padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín mọ ìyẹn dáadáa, nítorí wọ́n rò pé ohun gbogbo ń bàjẹ́ sí i ni. Iná tó ń jó àdúgbò odidi ní alẹ́ ọjọ́ kan ti di ohun tí wọn kò mọ̀ mọ́.

Páànù náà wá ní tirẹ̀. Òjò tó bọ́ sórí koríko ń rọra jò kalẹ̀. Èyí tó bọ́ sórí páànù kò dúró rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn de Ògùnpa.

Ní ti Lálùpọn tí Bàbá dárúkọ: rélùwéè wọ Ìbàdàn ní 1901. Kò gba Ọ̀yọ́, kò gba Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ya sí Òṣogbo, ó gba Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin. Síbẹ̀, ìlú oníṣòwò bíi tiyín, tí àwọn ọmọ rẹ̀ tàn dé Jọ́ọ̀sì àti Kánò, kò lè ṣe kó má wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1957, ọkọ̀ ojú irin dànù ní Lálùpọn, ní ìtòsí Ìbàdàn, lẹ́yìn tí àgbàrá òjò ti wọ́ ilẹ̀ abẹ́ ojú irin lọ. Àwọn tó kú ju 60 lọ. Bí irú rẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ọmọ ilé-ìwé: ibi tí ojú irin bá ti gba àfonífojì kọjá, wọn a kó ilẹ̀ jọ ga, wọn a sì la ihò sí abẹ́ rẹ̀ fún omi. Bí omi bá pọ̀ ju ihò lọ, tàbí tí ihò bá dí, ilẹ̀ tí a kó jọ yẹn ti di ìsédò nìyẹn, wọn kò sì kọ́ ọ fún ìsédò. Irin lè ṣì wà lókè gbọọrọ, kí ilẹ̀ má sí lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Awakọ̀ tó ń bọ̀ lóru kò lè mọ̀.

Lórí Ògùnpa, ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa, nítorí òun ló kọ́ wa ní ohun tó pọ̀ jù, tí a kò sì kọ́.

Ògùnpa kì í ṣe odò ńlá. Lójú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ yóò pè é ní gọ́tà. Àárín Ìbàdàn gan-an ló gbà kọjá, láàárín òkè méjì tí ilé kún fọ́fọ́, tí gbogbo òrùlé jẹ́ páànù. Òjò tó bá rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè wọ̀nyẹn kò ní ilẹ̀ tí yóò wọ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sínú odò tí kò fẹ̀. Odò náà kúnya ní 1955. Ó kúnya ní 1960, ó tún kúnya ní 1963. Ní 1978, ó tún ṣe é, ó sì pa ènìyàn. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn ń padà sí bèbè odò, wọ́n ń kọ́lé sí i, wọ́n ń da pàǹtírí sínú rẹ̀, nítorí bèbè odò ni ilẹ̀ ti dínwó, iṣẹ́ àti ọjà sì wà nítòsí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan sọ fún yín pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó ń gba ilé níbi tí owó rẹ̀ ká ń ṣe ìṣirò tirẹ̀ ni: omi ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mélòó kan, owó ilé ń bọ̀ lóṣooṣù. Àwọn tó yẹ kó ṣe ìṣirò kejì fún un ni kò ṣe é.

Ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ 1980. Òjò rọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́wàá. Nǹkan bíi milimítà 274 ni wọ́n wọ̀n. Kí àwọn ọmọ lè rí i: bí ẹ bá gbé korobá tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ dọ́gba sí ìta ní òwúrọ̀, nígbà tí òjò yóò fi dá, omi inú rẹ̀ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó rúlà tí wọ́n fi ń fa ìlà. Ó ju ìdá kan nínú márùn-ún òjò tí Ìbàdàn ń rí láti Oṣù Kìíní dé Oṣù Kejìlá. Omi gbé mọ́tò, ó gbé ilé, ó gbé afárá. Iye òkú tí wọ́n kà ju 100 lọ, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ sì gbà títí dòní pé iye náà kéré. Bọ́lá Ìgè ni gómìnà nígbà náà, kò tíì pé ọdún kan lórí oyè. Omíyalé tí àwọn ará Ìbàdàn fi ń dá ọjọ́ orí ọmọ nìyẹn, tí wọ́n ń sọ pé ọdún omíyalé ni wọ́n bí lágbájá.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba gbà pé àfi kí wọ́n fi kọnkéré kọ́ ojú odò náà, kí wọ́n jin ín, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ náà falẹ̀ láti ìjọba kan dé òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò burú, ohun tó dùn mí ni pé gbogbo ojú ni wọ́n kó sí Ògùnpa nìkan, bí ẹni pé òun nìkan ni odò tó wà ní Ìbàdàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù Kẹjọ 2011, omi gba ibòmíràn. Odò Ọ̀nà, Ògbèrè àti àwọn kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ló kúnya. Afárá Àpẹ̀tẹ̀ lọ, odidi àdúgbò sì di erékùṣù. Ọgbà ẹja àti ọgbà ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn bá omi lọ. Àwọn tó kú tún ju 100. Àwọn kan ní ìyípadà ojú-ọjọ́ ni, n kò sì ní jiyàn pé òjò wa kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé iye méjèèjì síra: milimítà 187.5 ní 2011, 274 ní 1980. Òótọ́ ni pé ti 2011 kó ara rẹ̀ jọ sínú wákàtí díẹ̀, ìyẹn sì burú. Síbẹ̀, òjò tó kéré sí ti àkọ́kọ́ pa iye ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àkọ́kọ́, ọdún 31 lẹ́yìn tí a ti gbọ́ ìkìlọ̀. Kì í ṣe ojú ọ̀run ni ẹ ó ti wá ìdí rẹ̀. Láàárín ọdún 31 yẹn, ìlú ti fẹ̀ dé àwọn odò tó wà nínú igbó nígbà Ògùnpa. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 fún iṣẹ́ àgbàrá ní Ìbàdàn, èyí tó gbà pé gbogbo odò ìlú ni kí a kà, kì í ṣe ẹyọ kan.

Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà yìí, èyí tí mo lè pè ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ọwọ́ ènìyàn nínú rẹ̀, kò ju ilẹ̀ mímì 28 oṣù Keje 1984, tí wọ́n mọ̀ lára láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìbàdàn. Kò wó ìlú kankan.

Ilé Kòkó jóná ní 9 oṣù Kìíní 1985, àárín ọyẹ́. Ilé tó ga jù ní Ìbàdàn, tí owó kòkó kọ́, tí wọ́n parí ní 1965; ó di 1992 kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n, orúkọ ilé ló sì gbé e ga jù bí ó ṣe ṣe wá níkà.

Èyí tó ti pa ènìyàn jù ní ìpínlẹ̀ yìí kò ní orúkọ, kò ní ọjọ́, wọn kì í sì í kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé: ojú títì ni. Ibẹ̀ ni Ògbómọ̀ṣọ́ ti wọ ọ̀rọ̀, ẹ kò sì lè sọ pé ti Ìbàdàn ni. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin ni ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń ti Èkó lọ sí Òkè-Ọya ń gbà, orí yín gan-an ló sì gbà kọjá. Wọ́n sọ Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ di alápá méjì, wọ́n ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin náà bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà láàárín, Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò ju bíi kìlómítà 52 lọ, ló há bí ọrùn ìgò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ni ìyẹn ń ṣe? Awakọ̀ tírélà tó ti sáré lórí ọ̀nà tó fẹ̀ yóò bọ́ sórí èyí tó há lójijì, láìdín eré kù, yóò bá tírélà mìíràn pàdé níbi kọ́nà, ọkọ̀ èrò yóò sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn ọmọ yín tí òbí wọn ń ná ọjà Ọ̀yọ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n mọ ẹni tó lọ tí kò bọ̀.

Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kan náà yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí i ní Nàìjíríà, ó sì yẹ kí a máa fi yangàn díẹ̀. Ní 1977, nígbà tí David Jemibewon jẹ́ gómìnà ológun, Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká ló sì ṣe olórí rẹ̀. Yunifásítì Ifẹ̀ ló ti ń kọ́ni. Ifẹ̀ wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí 1991 ni wọ́n tó ya Ọ̀ṣun sọ́tọ̀. Àwọn awakọ̀ sọ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ní Màjá-màjá, orúkọ tí wọ́n fi ń bú wọn, tí wọ́n sì fi ń bẹ̀rù wọn. Nígbà tó fi máa di òpin 1983, Màjá-màjá ti tú ká. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì tún fi Ṣóyínká ṣe alága àkọ́kọ́. Àwọn tí ẹ̀ ń rí lójú títì Ọ̀yọ́ lónìí, tí nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì wọn jẹ́ 122, ọmọ Màjá-màjá ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ lórí ìròyìn, nítorí ìwádìí ni ẹ fẹ́ rán àwọn ọmọ lọ. Ní 22 oṣù Kẹwàá 2005, ọkọ̀ òfuurufú Bellview gbéra ní Èkó, ó ń lọ sí Àbújá, wọn kò rí i mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìròyìn jáde láti ọ̀dọ̀ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé wọ́n ti rí i ní ẹ̀bá Kíṣí, àti pé àwọn kan yè é. Àwọn tó ní ẹbí nínú ọkọ̀ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Abúlé Lísà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ló já sí, àwọn 117 tó wà nínú rẹ̀ kò sì sí ẹni tó yè. Kò tíì sí WhatsApp nígbà yẹn.

Ó kan Akẹ̀sán. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù Kìíní 2020, iná jó ọjà Akẹ̀sán, ọjà ọba ní Ọ̀yọ́, lẹ́bàá ààfin. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ọdún tuntun, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò tíì ta ọjà ọdún tán. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún un kọ́, ọjà tuntun sì dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọjà tí a tún kọ́ kì í dá owó tó jóná padà, pàápàá fún ìyá tó gba ẹrù àwìn. Ẹ wo bí iná ọjà ṣe ń ṣe é: ó ń bẹ̀rẹ̀ lóru nígbà tí a ti ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ń gbóòórùn èéfín. Ọ̀nà àárín ìsọ̀ há débi pé ọkọ̀ panápaná kò lè wọlé. Aṣọ, ike àti òróró wà pọ̀ nínú ìsọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ tí a máa ń gbọ́ níbi gbogbo: wọ́n pẹ́ dé, tàbí wọ́n dé, omi tán. Iná ọjà kì í wá láìránṣẹ́. Kò sí ọyẹ́ kan tí a kì í gbọ́ pé ìsọ̀ kan tàbí méjì jó níbì kan, tí wọ́n sì rí i pa. Àwọn yẹn ni ońṣẹ́.

Bódìjà wá yàtọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Kìíní 2024, kí aago mẹ́jọ alẹ́ tó lù, nǹkan dún ní Old Bódìjà tí gbogbo Ìbàdàn fi mì. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní àwọn awakùsà tí kò ní ìwé àṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ènìyàn 5 ni wọ́n kà pé ó kú, 77 ló fara pa. Ẹ wá wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe bèbè odò, kì í ṣe ibi tí tálákà ti ń há ara wọn mọ́. Ẹ̀sìtéètì tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn là sílẹ̀ pẹ̀lú ètò kí a tó gba òmìnira ni, tó ní ọgbà, tó ní ojú títì tó gún. Gbogbo ohun tí Ògùnpa kọ́ wa nípa ilé-kíkọ́, Bódìjà ti ṣe é. Kò gbà á.

Ìdí nìyí tí mo fi ní àwọn ọmọ yín rí nǹkan kan. Ẹni tó ń gbé bèbè Ògùnpa ń wo omi lójoojúmọ́. Bó bá fẹ́ kó lọ, ó lè kó lọ. Aládùúgbò ilé Bódìjà yẹn kò rí nǹkankan tí yóò wò. Ohun tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta ní kúárì ní òfin tirẹ̀: ilé ìpamọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, tó jìnnà sí ibùgbé, kí wọ́n sì tọ́jú ohun tó ń tanná sí i sí ibòmíràn, kí méjèèjì má bá ara wọn sùn. Òfin náà wà láti 1964. Ẹni tó bá ń wa kùsà láìní ìwé àṣẹ kò lè lọ tọrọ ilé ìpamọ́ lọ́wọ́ ìjọba, nítorí náà yàrá ló ń di ilé ìpamọ́. Níbi tí kùsà bá ti ń mówó wọlé láìsí ìwé, ibẹ̀ ni irú yàrá bẹ́ẹ̀ yóò wà, kò sì ní kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ yóò tún béèrè ti Baṣọ̀run ní Ìbàdàn, nítorí ẹlẹgbẹ́ wọn ni. 18 oṣù Kejìlá 2024, ní Islamic High School, níbi àríyá ọdún tí wọ́n ti fẹ́ fún àwọn ọmọ ní ẹ̀bùn: ọmọ 35 ló kú nínú ìkọlura èrò. Kò sí iná, kò sí omi. Èrò tó pọ̀ ju ààyè lọ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ojúkòkòrò àwọn òbí. Ebi ọdún yẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ọ̀kan ṣì wà tí kò dún rárá. Ní Olódó, ní ìta Ìbàdàn, wọ́n da pàǹtírí ilé-iṣẹ́ bátìrì sílẹ̀ níbi kan tí wọ́n ń pè ní Omilẹ̀ńdé, àwọn olùwádìí sì rí òjé nínú ilẹ̀ ibẹ̀ kọjá ààlà. Òjé kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ó ń bá ọpọlọ ọmọdé jà díẹ̀díẹ̀, títí olùkọ́ yóò fi máa rò pé ọmọ náà kò fẹ́ kàwé. Ẹ kò ní rí i nínú àkójọ àjálù kankan, nítorí kò ní ọjọ́ tí a lè kọ sí i.

Ní ti Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an, ohun tí èmi yóò wò bí mo bá wà ní ipò yín kò pọ̀. Mo ti sọ ti ojú títì. Omi kì í ṣe ẹ̀rù ńlá yín bíi ti Ìbàdàn, àyàfi bí ẹ bá tẹ̀ síwájú láti máa kọ́lé dí ojú àgbàrá ní àwọn àdúgbò tuntun. Ọjà ni kí ẹ wò. Kí àwọn ọmọ yín lọ sí Ọjà Jagun tàbí ọjà tó bá sún mọ́ wọn, kí wọ́n fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà tó gbòòrò jù níbẹ̀, kí wọ́n sì béèrè ibi tí omi tó sún mọ́ jù wà. Ìdáhùn yẹn nìkan tó fún ìwé ìwádìí kan. Èkejì ni ohun tí a ń kó pamọ́ sílé. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo ní 2023 ni epo ti wọ́n, ẹni tó bá sì rí i rà lówó tó dínkù a tọ́jú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ ibùsùn. Àwọn tó ń rọ gáàsì ń ṣe é ní ìsàlẹ̀ ilé tí èrò ń gbé lókè rẹ̀. Ní Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì LAUTECH pọ̀ sí, kí ẹ wò bí ilé ṣe sún mọ́ra. Kẹ́ẹ̀gì epo kan kì í ṣe Bódìjà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n inú ìran kan náà ni wọ́n wà: a kò rí i láti ìta. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ yìí ni 615. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri kíláàsì.

Ní ti bí wọn yóò ṣe ṣe ìwádìí náà, àwọn àgbà ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá, kí wọ́n má sì béèrè "ọdún wo." Àgbà kò ní í dáhùn rẹ̀, tàbí kó kàn méfò. Orúkọ ọba náà kò ní ràn yín lọ́wọ́ tó bí ẹ ṣe rò. Ẹni tó bá ní "láyé Ajagungbádé" ti fún yín ní ọdún 48, láti 1973 dé 2021. Ọba pẹ́ lórí oyè, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n kò dára fún kàlẹ́ńdà. Ẹ fún wọn ní àmì tó múná: ṣé kí wọ́n tó lé wa ní Gánà ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ìyẹn ni òpin 1969, kò sì sí agbo ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò rántí. Ṣé kí rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà tó pa Ṣọ̀ún Ọlájídé ni? 1969 kan náà ni, oṣù díẹ̀ ṣáájú. Ṣé mọ́tò ṣì ń gba apá òsì nígbà náà? Oṣù Kẹrin 1972 ni wọ́n yí i sí ọ̀tún. Ṣé pọ́ùn ni wọ́n fi san owó páànù tuntun tàbí náírà? Náírà dé ní oṣù Kìíní 1973. Pẹ̀lú irú ìbéèrè mẹ́ta bẹ́ẹ̀, ẹ ó ti há ìṣẹ̀lẹ̀ kan mọ́ àárín ọdún méjì sí mẹ́ta.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó wá ìwé. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1855, ìjọ àtijọ́ sì máa ń ní ìwé ìsìnkú. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn alàgbà. Ìwé ìròyìn Tribune ti ń jáde ní Ìbàdàn láti 1949, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ sì wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Bí àwọn ọmọ bá dé ibẹ̀, kí wọ́n má fi ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ́ ara wọn lọ́rùn. Ẹ rán wọn létí Kíṣí. Kí wọ́n béèrè ti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, àti ti oṣù mẹ́ta. Ti ọ̀sẹ̀ kan ló sábà máa ń ní iye tó sún mọ́ òótọ́. Ti oṣù mẹ́ta ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ṣe ohun tó ṣèlérí.